Ọmọ Òrukàn Ìlú Bùkúrù: Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Ayé Dan Maraya Jos

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, tí kì í sì í ṣe lẹ́mọ́mù mọ́sáláásí kankan. Olórin ni. Ṣùgbọ́n ó kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe wáàsí ń wá ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Dan Maraya Jos. Àwọn Hausa tí ó ń gbé láàrin wa ní Alímọ̀ṣọ́ yìí, àwọn tí ń ta àlùbọ́sà àti tòmátò, àti àwọn tí ń fi ọ̀kadà gbé wa, ẹ bi àwọn àgbà inú wọn léèrè, wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ náà.

Ní èdè Hausa, ọmọ tí òbí rẹ̀ ti kú ni wọ́n ń pè ní maraya. Nítorí náà ìtumọ̀ orúkọ yìí ni ọmọ òrukàn ìlú Jọ́ọ̀sì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an ni Adamu Wayya. Ní ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní Bùkúrù, ìlú àwọn awakùsà tí kò jìnnà sí Jọ́ọ̀sì, ní ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Plateau lónìí. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 20, oṣù kẹfà, ọdún 2015, nígbà tí ààwẹ̀ Rámàdáánì ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́hun Ọba kí ó forí jì í.

ÌLÚ TÍ WỌ́N BÍ I SÍ

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò bá mọ irú ìlú tí Bùkúrù jẹ́ kò lè mọ ìdí tí ọmọ yìí fi di irú ènìyàn tí ó dà. Ilẹ̀ kùsà ni. Kuza ni àwọn Hausa ń pe tánńganran tí ó wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ó jọ kùsà tí àwa náà ń pè. Kí Òyìnbó tó dé ni àwọn ènìyàn agbègbè náà ti ń yọ́ ọ, tí wọ́n sì ń tà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ni Niger Company àti àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó mìíràn dé, wọ́n sì gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1914 ọkọ̀ ojú-irin kékeré kan ti Sáríà wá dé Bùkúrù, tìtorí kùsà yìí náà ni.

Nígbà tí iṣẹ́ dé, èrò dé. Àwọn Birom tí wọ́n ni ilẹ̀ wà níbẹ̀, Hausa dé, Fúlàní dé, Ìbò dé, Tiv dé. Àwọn Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìlọrin kó aṣọ àti oríṣiríṣi ọjà lọ síbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ mọ́sáláásí, wọ́n sì bímọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó dé ibẹ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Malaya tí tánńganran ti ń wá, ìjọba Òyìnbó fi tipátipá kó àwọn tálákà láti ìlú àti abúlé Òkè Ọya lọ wa kùsà ní Plateau. Láàrin 1942 sí 1944, iye àwọn tí wọ́n kó lọ sún mọ́ 100,000. Òtútù, àìjẹun dáadáa àti àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí èyí parí ni wọ́n bí Adamu Wayya sí àárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí.

Èmi náà gbé Bùkúrù fún ọdún méjì nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ oníṣòwò ará ilé wa ní kéú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, iṣẹ́ kùsà ti rọlẹ̀, nítorí pé ọjà tánńganran ti wó ní gbogbo ayé láti ọdún 1985. Àwọn kòtò ńláńlá tí omi ti kún inú wọn ni mo bá, tí ewúrẹ́ ń mu níbẹ̀, tí àwọn ìyá sì ń fi ojoojúmọ́ kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má ṣe lọ wẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ti lọ, kòtò ni ó kù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá lọ ní ìrọ̀lẹ́, n kì í ṣàì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan àti ohùn okùn kan ṣoṣo láti inú rédíò àwọn aláte. Bàbá Hausa kan tí ilé wa kan tiwọn ni ó ń túmọ̀ orin náà fún mi, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, títí mo fi mọ̀ pé wáàsí ni mo ń gbọ́.

BÍ Ó ṢE DI OLÓRIN

Olórin ààfin ni bàbá Adamu, olórí ìlú Bùkúrù ni ó ń kọrin fún. Bàbá kú, ìyá náà sì tẹ̀lé e, nígbà tí ọmọ ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ta ni yóò gbé e pọ̀n? Olórí ìlú náà ni ó gbé ọmọ olórin rẹ̀ wọlé, tí ó sì tọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí. Ọba tí ó gba ọmọ yìí kò mọ̀ pé yóò di olókìkí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé orúkọ ọmọ yìí yóò kárí Nàìjíríà, tí yóò sì mú orúkọ ìlú rẹ̀ dání lọ. Ohun tí ó rí ni ọmọ ọwọ́ tí ń sunkún, tí bàbá rẹ̀ ti sìn ín. Ó ṣe ẹ̀tọ́, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bá ní òun yóò kọ́kọ́ wo ọmọ òrukàn tí yóò wúlò kí òun tó ràn án lọ́wọ́, òwò ni ẹni náà ń ṣe, kì í ṣe sàráà.

Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń tẹ̀lé àwọn olórin káàkiri. Kò tíì bàlágà nígbà tí ó bá ìrìn-àjò dé Màídúgùrí, ó sì rí àwọn tí ń ta kuntigi níbẹ̀. Ohun-èlò kékeré olókùn kan ni kuntigi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ gòjé tí wọ́n fi ń lu sákárà, ẹ mọ ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń ta kuntigi, kò sì tóbi tó gòjé. Agolo sàdíìnì tí wọ́n ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán ni wọ́n sábà fi ń ṣe ikùn rẹ̀, wọn a fi awọ ewúrẹ́ bò ó lójú. Adamu mú un, kò sì jù ú sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Òun nìkan ni ó ń ta á, òun náà ni ó ń kọrin sí i, kò sí ẹlẹ́gbè, kò sí ìlù.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Tánńganran ni wọ́n fi ń bo irin agolo kí ó má baà dípẹtà. Àwọn ará Bùkúrù wà á láti inú ilẹ̀ pẹ̀lú òógùn àti ẹ̀mí wọn, ó lọ sí òkè òkun, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹja nínú. Ẹni tí ó lówó jẹ ẹja náà, ó sọ agolo nù. Ọmọ òrukàn ni ó ṣà á, òun náà ni ó sì rí ohùn nínú rẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ó KỌRIN FÚN

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ olórin nílẹ̀ Hausa, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní ilẹ̀ wa, ni láti yin ọba, olówó àti ọlọ́lá, kí wọ́n sì fún un ní owó. Dan Maraya náà yin ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wu ọkàn rẹ̀ ni ó ń yìn. Orin tí ó kọ́kọ́ mú un gbajúmọ̀ ni Wakar Karen Mota, orin àwọn ọmọ ọkọ̀. Ìtumọ̀ karen mota ni ajá mọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tí ń bá awakọ̀ ṣiṣẹ́ nìyẹn: ẹni tí ń gbé ẹrù sókè, tí ń pààrọ̀ táyà, tí ń ti ọkọ̀ nígbà tí ó bá kọṣẹ́, tí ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ lóru, tí gbogbo ayé sì ń bú. Dan Maraya gba orúkọ èébú náà, ó fi ṣe oríkì. Ó ka iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó jókòó sínú ọkọ̀ mọ̀ pé ẹni tí òun ń bú ni ó gbé òun dé ilé.

Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 títí di 1970, ó kọrin fún àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀, ó sì ń ròyìn bí ojú ogun ṣe rí fún àwọn tí ó wà nílé. Ó kọrin nípa olówó àti tálákà.

Èyí tí ó sún mọ́ iṣẹ́ tiwa àlùfáà jù lọ ni orin ìgbéyàwó rẹ̀ tí à ń pè ní Jawabin Aure. Nínú rẹ̀ ni ó ti ka ìyà tí ó wà nínú ìkọ̀sílẹ̀, tí ó sì ń bẹ tọkọtaya pé kí wọ́n bá ara wọn tún ọ̀rọ̀ ṣe. Orin yìí wọ inú àwọn ènìyàn débi pé àwọn olórin mìíràn ń kọ ọ́, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà sì ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí apá kan ẹ̀kọ́ èdè Hausa. Ìdí nìyí tí mo fi pè é ní olùkọ́. Kò ní tákàdá lọ́wọ́, kò ní pátákó, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá sí iwájú wa ní mọ́sáláásí. Owó oúnjẹ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tàbí ẹbí ọkọ, tàbí ìbínú ọjọ́ kan. Ọkùnrin yóò sọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lówùúrọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú yóò máa wá àlùfáà tí yóò bá a tú u. Ohun tí ìwé kọ́ wa ni pé ẹ̀tọ́ ni ìkọ̀sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun kò fẹ́ràn ni. Bí a bá sọ ọ́ nínú wáàsí, wọn a ní àlùfáà ń ṣe tirẹ̀. Bí olórin bá fi okùn kan ṣoṣo sọ ọ́ létí wọn nínú ọkọ̀, nínú ọjà àti nínú yàrá, ó máa ń wọlé.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN KAN YÓÒ BI MÍ

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin ará wa yóò béèrè pé, ṣé àlùfáà ni ó wá ń yin olórin? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Àríyànjiyàn wà láàrin àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa lórí ọ̀rọ̀ orin láti ayébáyé, àwọn tí ó ka ohun-èlò olókùn sí èèwọ̀ kò sì kéré. Ímáàmù Al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀, Ihya. Òun pàápàá kò fún gbogbo ohun-èlò láyè. Ṣùgbọ́n ó wo ọ̀rọ̀ tí orin ń sọ, ó sì wo ohun tí ó ń gbìn sínú ọkàn ẹni tí ó ń gbọ́ ọ. Òṣùwọ̀n yìí ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ mú dání.

Ní ilẹ̀ tiwa níbí, àwọn Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó sọ sákárà, àpàlà àti wákà di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀: Yusuf Ọlátúnjí tí ó kú ní 1978, Hárúnà Ìṣọ̀lá tí ó kú ní 1983, àti Bàtílì Àlàkẹ́. Láti inú wéré tí a fi ń jí àwọn ènìyàn sí sààrì ni fújì ti jáde, tí Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní 2010, sì gbé e dé òkè òkun. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ gbé kuntigi wọ mọ́sáláásí. Ohun tí mo ń wí ni pé bí ẹnu olórin bá lè mú kí ọkùnrin má lé ìyàwó rẹ̀, kí olówó sì má bú ọmọ ọkọ̀, kí àwa tí Ọlọ́hun fún ní ìmọ̀ má ṣe jókòó kí a máa jiyàn lórí okùn, kí àwọn ọmọ òrukàn sì máa jìyà ní iwájú ilé wa.

ÀWỌN ỌMỌ ÒRUKÀN TIWA

Ibí ni mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, iye àwọn tí ó ń gbé Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀, kò sí àdúgbò tí ọmọ òrukàn kò sí. Òótọ́ ni pé a máa ń ṣe fídáù fún òkú. À ń se ìrẹsì, à ń pa màlúù, à ń na owó. Ṣùgbọ́n kí ni à ń ṣe fún ọmọ òkú?

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ó ń ta ìrẹsì ní Ìkọ̀tún kú. Ó fi ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Èyí tí ó dàgbà jù kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ẹbí ti kó àpò ìrẹsì tán nínú ṣọ́ọ̀bù, oníkálukú ń wí pé òun bá a dá owó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn àgbà jàmáà pe ẹbí jọ, wọ́n béèrè ìwé tí olóògbé ń kọ gbèsè sí, wọ́n ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo wọn. A rí díẹ̀ gbà padà, a fi san owó ṣọ́ọ̀bù kí ìyá wọn lè máa tà níbẹ̀. Ìyókù wà lọ́rùn àwọn tí ó jẹ ẹ́ títí di ọjọ́ ìṣirò. Ọmọkùnrin àgbà náà ti di ọmọ ọkọ̀ báyìí. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Ìkọ̀tún lọ sí Ìyànà-Ìpájà, ó lè jẹ́ òun ni yóò gba owó lọ́wọ́ yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń wá sí ilé-kéú, oorun a sì máa kùn ún lórí wàláà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, òfin ẹ̀sìn wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Bí ènìyàn bá kú, ìnáwó ìsìnkú rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yọ nínú ohun tí ó fi sílẹ̀, láìṣe àṣejù. Lẹ́yìn náà a ó san gbèsè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó mú àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn èyí ni ogún tó kàn. Bí ó bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, ìpín ọmọkùnrin sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ kékeré, alágbàtọ́ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí alágbàtọ́ bá lówó, kí ó má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ tálákà, kí ó jẹ níwọ̀nba iṣẹ́ tí ó ṣe. Nígbà tí ọmọ bá dàgbà tí ó sì gbọ́n tó láti tọ́jú owó, kí wọ́n kó o lé e lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ nínú èyí ni ó wà nínú Súrátù Nísáì fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Nítorí náà mo ń bẹ yín pé, kí olúkúlùkù oníṣòwò kọ iye ọjà rẹ̀, àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè àti àwọn tí òun jẹ sínú ìwé kan, kí ó sì jẹ́ kí ènìyàn méjì tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ ibi tí ìwé náà wà. Kí jàmáà mọ́sáláásí kọ̀ọ̀kan yan àgbà mẹ́ta, kí obìnrin wà nínú wọn, tí yóò lọ sí ilé òkú kí ọjọ́ kẹjọ tó pé láti béèrè nípa àwọn ọmọ. Kí a sì yọ apá kan nínú owó tí à ń fi ṣe fídáù sọ́tọ̀ fún owó ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Owó kékeré ni lójú ẹgbẹ́ kan. Odidi ayé ni lójú ọmọ kan.

Ànábì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ọmọ òrukàn ni òun náà. Bàbá rẹ̀ Abdullahi kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀ Aminatu kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá-bàbá rẹ̀ gbà á, òun náà kú lẹ́yìn ọdún méjì, Abu Talib ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì tẹ́wọ́ gbà á. Ọlọ́hun ni ó sì rán an létí nínú Alùkùráánì bí Òun ṣe bá a ní ọmọ òrukàn tí Òun sì fún un ní ibi ìsádi, tí Ó wá pàṣẹ pé kí a má ṣe ni ọmọ òrukàn lára. Ẹni tí ó bá sọ pé òun fẹ́ràn Ànábì, tí ó sì ń lé ọmọ òrukàn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ó tún ara rẹ̀ wò.

Ní ọ̀la, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìkọ̀tún, tí ọmọ ọkọ̀ kò sì tètè rí ṣéńjì fún yín, ẹ má ṣe bú u. Ẹ bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ sì gbọ́ ohun tí yóò sọ. Kí Ọlọ́hun Ọba kí ó fi àwọn òkú wa sí alùjánnà, kí Ó dá àwọn ọmọ òrukàn wa sí, kí Ó sì fún àwa tí a kù ní agbára láti ṣe ẹ̀tọ́ wọn fún wọn kí ikú tó sọ àwọn ọmọ tiwa náà di òrukàn. Àmín.